Lẹ́yìn Ìwé Àṣẹ

Mo yege. Nínú àádọ́ta ìbéèrè, méjì péré ló bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ẹ̀gbọ́n mi fi gíláàsì bo ìwé àṣẹ náà, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọdún tí màmá wa lọ sí Mẹ́kà.
Àwọn ará ilé ní, "Ráfátù ti di ẹni tí ń bá ayé sọ̀rọ̀."

Ayé ò dáhùn.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pe ara mi sínú ẹ̀rọ,
ṣàà, ṣàà ló ń dá mi lóhùn
bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà lórí àtẹ.

Bàbá Bùràímọ̀ ń gbé lódìkejì réluwéè, l'Ọ̀fà níbí.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ wáyà fún wọn
kí koríko tó bo irin.
Ó wo ìwé àṣẹ mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹni tó ka ìwé ìwakọ̀ tán,
a kì í gbé ọkọ̀ fún un lọ Jẹ́bà lọ́jọ́ kan náà."

Ó ní kí n kọ́kọ́ pa ẹnu mi dé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbígbọ́ nìkan,
lábẹ́ máńgòrò, bátìrì ọkọ̀ láàárín wa.
Tí jẹnẹrétọ̀ àgbàlá kejì bá ti bú, ọ̀run á di ẹ̀rọ ìlọta.
Alẹ́ tí iná bá lọ pátá ni alẹ́ tiwa:
gbogbo àdúgbò ń ṣépè,
èmi ń dúpẹ́ nínú, mi ò lè sọ ọ́ síta.

Wáyà bàbà, mítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì.
"Jẹ́ kó gùn. O lè gé e kúrò, o ò lè gé e kún."
Ìka mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní, ìka kan lọ́jọ́ kejì,
títí abẹ́rẹ́ mítà fi sùn.
Wọ́n ti sá aṣọ lé e lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e ga.
Tí ojú ọjọ́ bá ṣú níhà Ìjàgbó, tú u,
má dúró wò ó bóyá òjò á yà.

Títẹ̀ ló le jù.
Etí Yorùbá mi ń wá ohùn,
kí igbá má di igba, kí igba má di ìgbà.
"Kò sóhùn níbẹ̀. Kúkúrú àti gígùn ni, bí ìrìn atiro."
Ó ń fi ṣíbí kan etí ife tíì rẹ̀,
mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi.
Lọ́jọ́ kan ṣíbí náà sọ pé ṣúgà ti tán.
Mo dìde, mo lọ mú ṣúgà wá.
Kò sọ nǹkan kan.

Alẹ́ Àlàmísì kan, ọyẹ́ ti dé,
mo pè lẹ́ẹ̀mẹta, mo dákẹ́.
Láti ìdí ariwo ẹnìkan dá mi lóhùn,
tín-ín-rín, bí òwú,
ó ń dúró díẹ̀ kó tó tẹ gígùn tó kẹ́yìn
bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn.
Ó lóun wà nínú ọkọ̀ ojú omi.
Mo kí i, mo tún kí i, mo dágbére,
mo sáré fò kọjá irin láì wọ bàtà.

"Bàbá, ẹnìkan gbọ́ mi!"
Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ sún mọ́ mi. "Aago mélòó?"
Mi ò wo aago.
"Àmì ìpè rẹ̀?"
Ìdajì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, òógùn ti pa á rẹ́.
"Orúkọ rẹ̀?"
Mi ò bi í.
"Ó bi ọ́ ní tìẹ?"
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.
Ó bu tíì mu.

Láti ìgbà náà mo ń jókòó lálẹ́
pẹ̀lú pẹ́ńsù tí mo gbẹ́ ṣóńṣó, aago níwájú mi.
Mi ò mọ òkun tó wà.
Ìrìn ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀,
ìdúró díẹ̀ yẹn, kó tó tẹ gígùn.