Ohun Tí Bílíìṣì Kò Rí

Ewé méje ni mo gbé wọ Àkúrẹ́,
nínú kúlà yìnyín, lórí itan mi,
láti Ìgbókọ̀dá, nínú mọ́tò tó ń mí bí arúgbó.
Ewé ẹ̀gbà ni, igi tó ká gbòǹgbò sókè omi
bí ẹni ká ṣòkòtò kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i.
Bàbá Orímisàn tó tu ọkọ̀ mi bi mí:
"Ewé tí ewúrẹ́ kì í jẹ, kí lo fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní ẹnìkan ń gbé inú rẹ̀.
Ó wo ewé, ó wò mí,
ó ń tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní yàrá àyẹ̀wò, a kì í kí àlejò ká tó fọ̀ ọ́.
Mo rì í sínú sípíríìtì, mo ka ọgọ́ta.
Mo rì í sínú bílíìṣì, mo kà dé igba.
Gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn níta kú tán.
Mo gé e wẹ́wẹ́, mo tò ó sínú àwo dígí
lórí ohun dídì tó rí bí ẹ̀kọ tútù.

Iná lọ. Iná dé. Iná tún lọ.
Lọ́jọ́ karùn-ún, lójú ibi tí abẹ ti gé ewé,
irun funfun kan yọjú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.
Olú ni. Olú tí kò ní agboorùn,
tí kò mọ òkìtì ọ̀gán,
ayálégbé tó ń fi oògùn san owó ilé.

Mo gbé e kojú kòkòrò àìfojúrí
tí a gbà lójú egbò ẹsẹ̀ obìnrin kan,
èyí tó ti mọ orúkọ gbogbo kápúsù, tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ilẹ̀ mọ́. Kòkòrò bo àwo bí ìkùukùu,
àfi yíká olú náà:
òrùka kan, ó mọ́ lóló.
Rúlà ní mílímítà mọ́kàndínlógún.
Ẹ̀gbà ti fi ẹ̀gbà sọ́wọ́.
Ọ̀gá mi ní, "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Mọ́kànlá.
Mo tún un ṣe. Mẹ́ta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, kòkòrò rìn kọjá lórí rẹ̀
bí ẹni ń kọjá níwájú ilé ahoro.
Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí:
bó bá pẹ́ lájò, a gbàgbé iṣẹ́ tó kọ́ nílé.

Mo padà sódò. Mo ti so ọ̀já pupa mọ́ igi náà.
Kùkùté ló kù, ọ̀já wà nínú ẹrẹ̀.
Bàbá Orímisàn nawọ́ sí èéfín
tó ń rú lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin:
"Kò sígi tó ń yan ẹja bí ẹ̀gbà. Iná rẹ̀ kì í tètè kú."
Wọ́n bu ẹja fún mi, ó ṣì ń gbóná.
Mo jẹ ẹ́.
Ó dùn, ó sì dùn mí.

Nígbà tí mo ń já ewé lára igi mìíràn,
mo bi obìnrin náà pé èwo ló kàn láti gé.
Ó ní, èyí tó bá sún mọ́ ọkọ̀.