Olùṣọ́ Kẹ̀kẹ́

Abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun ní Utrecht,
lábẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
níbi tí kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ.
Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á máa ya wọlé,
geere, geere, bí omi tó rí ojú ìṣàn:
agbẹjọ́rò tí afẹ́fẹ́ gbé táì rẹ̀ kọ́ èjìká,
ìyá ọlọ́mọ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn,
káfíńtà tó gbé àkàbà dání, tó ń fọwọ́ kan tukọ̀.
Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa;
àwọn ará ibí náà ò sì bá òjò ṣọ̀tá.

Sybren ni mò ń jẹ́. Ọdún mọ́kànlá rèé.
Mo mọ ẹni tó gbàgbé ibi tó gbé tirẹ̀ sí:
á rìn lọ, á rìn bọ̀,
ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó sọ ọmọ nù láàárín èrò.
Mo á bi í pé, “Àwọ̀ wo ni?”
Á ní, “Dúdú ni.”
Dúdú! Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúdú!

Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà èwe òun.
Mọ́tò ló ni títì, mọ́tò ló ni ẹ̀gbẹ́ títì,
kẹ̀kẹ́ ń fà mọ́ gọ́tà bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Tjeerd, ọmọ kíláàsì rẹ̀, lọ ra búrẹ́dì.
Búrẹ́dì ló padà wálé,
nínú ọ̀rá tó ya.
Ìyá Tjeerd ò sọ̀rọ̀. Ó gbé àga ìdáná rẹ̀,
ó lọ gbé e kalẹ̀ sáàárín títì, ó jókòó.
Lọ́jọ́ kejì, àga di mẹ́sàn-án.
Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò ka àga mọ́.
Wọ́n ní: ọ̀nà kan ò wọjà,
ẹ la tiwa.
Ó pẹ́ kí wọ́n tó là á. Bàbá mi ti ń hu irùngbọ̀n.

Kẹ̀kẹ́ àwọ̀ ewé kan wà ní ìlà kẹtàdínlógún,
ìjókòó ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀, aago rẹ̀ ti dípẹtà.
Òfin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin:
bí olówó rẹ̀ ò bá yọjú, kí n so bébà pupa mọ́ ọn,
kí ọkọ̀ wá kó o.
Mo so ó. Mo tú u.
Mo tún un so, mo tún un tú.
Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, tí ẹsẹ̀ bá dá,
mo máa ń pọ́ǹpù táyà rẹ̀.
Ẹ má bi mí pé kí ló dé.
Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ bá ti rọ̀, ó ti gbà pé wọn ò bọ̀ mọ́.

Ní Tọ́sìdeè kan, ọmọbìnrin kan dé,
ó fi okùn bàtà so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ ọwọ́.
Ó ní, “Ti bàbá àgbà mi ni.
N ò mọ èyí tó ń ṣí.”
Mo bi í pé kí ni orúkọ bàbá. Ó ní Wiebe Terpstra.
N ò mọ orúkọ. Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀nà.
Àgádágodo náà dún: kẹ́.
Ó fọwọ́ pa ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní,
“Ó kéré. Ibí ni mo máa ń sùn sí.”
Ó tẹ táyà wò. Ó tún un tẹ̀.
“Ta ló ń pọ́ǹpù rẹ̀?”
Mo ní n ò mọ̀.

Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó fẹ́ wo ojú ọjọ́.
Ó gun òkè náà tán, ó bọ́ sójú ọ̀nà pupa.
Ní oríta, bọ́ọ̀sì ńlá kan dúró jẹ́ẹ́,
awakọ̀ gbé ìka kan sókè,
ọmọ náà lu aago.
Aago tó dípẹtà yẹn! Ó dún.

Nígbà tí mo padà sísàlẹ̀,
ọkùnrin kan dúró ní ìlà kẹrin, omi ń kán ní etí fìlà rẹ̀.
“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, n ò rí kẹ̀kẹ́ mi.”
Mo ní, “Àwọ̀ wo ni?”