Ọjọ́ Kìn-ín-ní, Oṣù Kìn-ín-ní, Ọdún 1980

Láràárọ̀ tí Bàbá Ṣówándé bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Ṣómólú,
ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ wúkọ́,
á ké bí ẹni ń fi èékánná ha páànù,
kó tó wá kọ ọjọ́ sójú ara rẹ̀:
ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1980.
Lójú tirẹ̀, wọn ò tíì bí mi.

Mo tú ikùn rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ká ìwé.
Bátìrì tó ń bá a ka ọjọ́ ti kú, ó ti jò,
ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti mú okùn bàbà
tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
Bàbá ń wò mí, mo ń wo bàbà.
Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó hó.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rọra fọ̀ ọ́.
"Jẹ́jẹ́ o," ni Bàbá wí. "Ó jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí."

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ti fi tuntun ránṣẹ́:
dúdú, pẹlẹbẹ, kì í wúkọ́.
Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ni ìwé ètò ìsìnkú
Màmá Adétọ́rera. Igba ẹ̀dà.
Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀,
ẹ̀rọ tuntun ò mọ̀ wọ́n rí,
ó fi àpótí kékeré, òfìfo, dípò wọn.
Àpótí nínú orúkọ òkú,
àpótí nínú orin ìdágbére,
àpótí méjì níbi tó yẹ kí ọmọ-ọmọ wà.
Àbúrò olóògbé ka ojú ewé kan, ó gbé ojú sókè:
"Ṣówándé, pósí mélòó la fẹ́ sin?"

Lẹ́tà ti àtijọ́ yìí, Fẹ́hìntọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló yà wọ́n
lọ́dún 1991, kín-ún, kín-ún, ní alaalẹ́,
sínú díìsìkì mẹ́ta. Ẹ̀dà mìíràn ò sí.
Àmì abẹ́ ọ tirẹ̀ tẹ̀ sí òsì díẹ̀,
bí ọmọ tó gbé garawa omi kan ṣoṣo.

Díìsìkì wà, ẹnu tí yóò jẹ ẹ́ ló ti yọ eyín.
Ní Ìkẹjà, géńdé kan gbé e wò, ó rẹ́rìn-ín:
"Àǹtí, ẹ gbé e lọ fún wọn ní Oníkàn,
kí wọ́n tò ó mọ́ ère."
Mo bá wọ ọkọ̀, ó di Owódé Onírin,
nínú ẹrẹ̀ tó gbé bàtà mi kan mì,
mò ń wá ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì fífẹ̀,
èyí tó ní ihò láàárín bí oníní ayé àtijọ́.
Mo ní ọ̀kan péré ni mo fẹ́.
Mùdáṣírù ní òun ò mọ ọ̀kan, kílò lòun mọ̀.
Mo ra kílò mẹ́sàn-án:
ẹ̀rọ mẹ́fà, wáyà, àti aláǹgbá kan
tó ti gbẹ sínú èyí tó kẹ́yìn.
Márùn-ún ti kú. Mo yọ rọ́bà lára ọ̀kan,
mo yọ orí lára èkejì, mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀kẹta,
mo fi tún ẹ̀kẹfà ṣe. Aláǹgbá, mo sin ín sínú ìkòkò òdòdó.

Aago méjì òru ni iná dé.
A ki díìsìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ pẹ́,
ọ kan yọ lójú rẹ̀, ó tẹ̀ sí òsì.
Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Mo ti jó bátìrì tuntun mọ́ ọn.
Mo bi í bóyá kí n to ọjọ́ òní sí i.
Ó wo 1980 yẹn títí.
"Fi í síbẹ̀. Jẹ́ kó máa kà á bọ̀.
Ó ku ọdún mẹ́ta kí n pàdé Fẹ́hìntọ́lá."

Ó fa àga mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ òkú,
tòun ti gbogbo àmì rẹ̀.
Ó san owó iṣẹ́ mi. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì wà nílẹ̀.