Abẹ́ Apá

Ó ku méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo dúró ní ibùdókọ̀ ní òpópó Portage, ní Winnipeg,
agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, iṣẹ́ alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mi sílẹ̀.
Òtútù ti sọ irun imú mi di abẹ́rẹ́.
Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní yóò dé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin
ti ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin láti bí ogún ìṣẹ́jú.

Ní Ìkirè, oòrùn ti wà láàárín orí.
Ìbídùnní àbúrò mi ń rọbí láti àná.
Ọkọ rẹ̀ ní, “Ẹ má pa fóònù o, ẹ̀gbọ́n,
bí a bá ti gbóhùn ìyá, tí a gbóhùn ọmọ, màá pè.”
Pa kẹ̀? Èmi kọ́ ni mo fẹ́ pa á,
òun ló ń wá ọ̀nà àtikú.

Níjẹta, ní ibí yìí kan náà, ó wà ní ogójì,
ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣókùnkùn,
bí ẹni tó jẹun yó tó wá dákú nídìí àwo.

Doreen Flett ló là mí lóye.
Ó ń nu ilẹ̀ ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́.
Àríwá ni wọ́n bí i, níbi tí adágún ti ń dì gbagidi
tí ọkọ̀ ẹrù ń gba orí rẹ̀ kọjá.
Ó ní, “Má gbé e sápò ẹ̀wù òde mọ́.
Agbára rẹ̀ kò tán, òtútù ló lé e wọ inú.
Fi í há abẹ́ apá, kó mọ̀ pé èèyàn wà nítòsí.
Bó bá sì kú, má sáré ki iná bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá.”

Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù
títí ó fi dà bí ológbò tó ń tòògbé.
Mo pa bulutúùtù. Mo pa wáìfáì.
Mo pa èyí tó ń sọ ibi tí mo wà fún àwọn tí n kò mọ̀;
èmi mọ ibi tí mo wà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń sọ fún mi.
Mo ti ojú ọjọ́ pa: iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ jẹ́ fún mi?
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé, lórí Wásáàpù,
tí ẹ ń kí ara yín kú àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú,
ẹ forí jì mí.
Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ṣí sílẹ̀, ti ìpè.

Èyí tó le jù ni kí n má wò ó.
Ìgbàkígbà tí mo bá wò ó bóyá ó ṣì kù,
mo ti bù jẹ nínú èyí tó kù.

Mo fi í há abẹ́ apá, lábẹ́ ẹ̀wù mẹ́ta.
Ó tutù wọ egungun ìhà mi.
Ìyá wa máa ń sọ pé oṣù keje ni òun bí Ìbídùnní,
nínú ọyẹ́, kò ju ìṣù kékeré kan lọ,
pé àyà ni òun so ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,
òun kò sọ ọ́ kalẹ̀ àfi bí òun bá ń wẹ̀.
Mo máa ń rò pé ó ń bù mọ́ ọn ni.

Iná bọ́ọ̀sì yọ lókèèrè.
Nǹkan gbọ̀n lábẹ́ apá mi.
Mo feyín bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ku mẹ́ta.
“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ó ti…”
Igbe kan. Tuntun, tó ń bínú.
Lẹ́yìn igbe náà, ohùn tí mo mọ̀,
ó ti ha, “Ẹ fún mi lómi.”
Ó ṣókùnkùn.

Akọ ni? Abo ni? N kò mọ̀.
Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ń wo ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín
pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lẹ́nu.
Ihò iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.
Mo jókòó. Mo dá a padà sábẹ́ apá.
Ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá.