Àlùbọ́sà Láti Kàínjì

Láti Kúbwà la ti gbéra kí àkùkọ tó kọ,
àwa méje nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́.
Ọ̀gá wa ní ká lọ sinmi létí omi,
ká jókòó lórí iyanrìn, ká gbàgbé fáìlì.
Nígbà tí a dé Bùsà,
iyanrìn ti gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà.
Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sun ẹja, wọ́n ya fọ́tò,
wọ́n tún ya òmíràn torí Ọ̀gbẹ́ni Ìdògbé dijú.
Èmi ń wo iwájú.
Ohun dúdú mélòó kan wà lójú omi lọ́ọ̀ọ́kán
bí ẹ̀yìn erinmi tó ń sùn.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"
Ọlọ́kọ̀ ní, "Erékùṣù ni. Wọ́n pọ̀."
Wórù lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.
Ó gbọ́ Yorùbá; Ṣakí ló ti kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà nígbà èwe.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ná an, ó di mẹ́rin.
Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì kan fún mi tí síìpù rẹ̀ ti kú,
ó ní kí n fọwọ́ dì í mú.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fọwọ́ di ẹ̀mí ara mi mú
títí a fi kọjá ibi tí omi ti yí àwọ̀ padà.

Erékùṣù kìn-ín-ní kò tó àgbàlá ilé ìwé.
Igi kan ṣoṣo, lékeléke bí ọgọ́rùn-ún;
ilẹ̀ funfun báláú fún ìgbẹ́ ẹyẹ.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí i ká ní ìṣẹ́jú mẹ́rin,
mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.
Mi ò tíì yí ohunkóhun ká tán rí láyé mi.

Èkejì, àwọn Gúngáwá ló ń dáko níbẹ̀.
Ewé àlùbọ́sà tò lọ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.
Obìnrin kan ń fi igbá bu omi odò sí poro,
ẹrẹ̀ mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀.
"Sánnù" ni mo mọ̀, "Na gódè" ni mo mọ̀;
àárín méjèèjì, ẹ̀rín la fi dí i.
Ó fa àlùbọ́sà mẹ́fà tu, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ wọn dànù,
ó kó wọn lé mi lápá bí ẹni gbé ìkókó fún ìyá rẹ̀.
Mo na owó sí i. Ó wo owó náà,
ó wò mí,
ó ń bu omi rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta kò lórúkọ.
Àpáta ni, koríko gbígbẹ díẹ̀ lórí.
Wórù pa ẹ́ńjìnnì. Ìdákẹ́jẹ́ wá jókòó tì wá.
Ó ní, "Bàbá mi máa ń so ewúrẹ́ mọ́ ibí yìí.
Láti ibí ni wọ́n ti máa ń wo òrùlé ilé wa nísàlẹ̀,
wọ́n á mọ̀ bóyá ìyá mi ti dáná."
Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ni.
"Kànga wa wà lọ́hùn-ún," ó fi àjẹ̀ tọ́ka.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kànga lábẹ́ odò! Ta ni yóò wá pọn ọ́n?"

Ìgbà náà ló yé mi
pé kì í ṣe erékùṣù ni mo ti ń gùn láti àárọ̀.
Orí òkè ni. Ilẹ̀ tó na ọrùn sókè
bí ẹni tí omi mù dé àgbọ̀n
tí kò sì gbà láti kú.

Mo rántí ilé mi ní Kúbwà,
táìsì funfun, géètì onírin,
àti bàbá Gbàgyí kan tó máa ń kọjá,
tó máa ń dúró lẹ́bàá ògiri wa, á wo igi mángòrò,
kó tó máa lọ.
Mo rò pé èso ló ń wò.
Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Mi ò bi í rí.

Nígbà tí a padà sétí omi, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Wọ́n ti jẹ ẹja tán, egungun ló kù fún mi.
"Níbo lo wọlẹ̀ sí? Kí lo rí?"
Mo gbé ọwọ́ sókè.
Mo ní, "Àlùbọ́sà."