Òjò-Dídì Tó Gbẹ Bí Gàrí

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣílẹ̀kùn yàrá yìnyín ní Ṣàgámù,
páálí pańlá lórí páálí ṣáwá,
kóòtù òkìrìkà lọ́rùn mi lọ́sàn-án gangan
nígbà tí ará ìta ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra.
Mo ń fi ṣọ́bìrì ha funfun kúrò lára ògiri,
ó ń bọ́ sí mi lọ́rùn bí ìyẹ̀fun.
Mo ń sọ fún ara mi pé, lọ́jọ́ kan,
n ó débi tí ẹnikẹ́ni kì í ha á,
tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ fúnra rẹ̀,
tí kò sí òórùn ẹja nínú rẹ̀.

Ọjọ́ náà wá dé sórí fóònù.
Mobọ́láńlé fi orúkọ òkè mẹ́ta ránṣẹ́:
ọ̀kan ní Swítsálándì, ọ̀kan ní Kánádà, ọ̀kan ní Jàpáànì.
"Bàbá, ẹ mú ọ̀kan, n ó sanwó. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni o."
Mo jókòó sábẹ́ igi obì bàbá mi,
mo ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń ra gbàǹja,
mo ń wá ojú ihò kòkòrò.
Ti Swítsálándì, ilé ìtura rẹ̀ lẹ́wà,
àmọ́ iye ife tíì kan níbẹ̀,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa fóònù, mo tún tàn án.
Ti Kánádà, wọ́n ní òtútù rẹ̀ ń gé etí.
Mo fọwọ́ kan etí mi ọ̀tún, èyí tí yàrá yìnyín ti jẹ díẹ̀ lára rẹ̀.

Òdùnúgà dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.
"Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin
fẹ́ so pákó mọ́ ẹsẹ̀, kó lè yọ̀ ṣubú nílẹ̀ onílẹ̀!
Ọmọ Rẹ́mọ wo ló ń sanwó kó tó ṣubú?
Ọ̀nà Ìṣarà ńkọ́, lásìkò òjò? Ọ̀fẹ́ ni."
N kò dá a lóhùn.
Orúnkún mi ló dá a lóhùn, ó ró kọ̀ọ́.

Ìyàwó mi ló béèrè ọ̀rọ̀ tó lórí.
Ó wà nídìí agbada, ó ń yí gàrí.
"Kí lẹ ń wá lára òjò-dídì yìí gan-an?"
Mo ní èyí tó gbẹ, tó fúyẹ́, tó kúnná.
Ó bu gàrí tó ti tutù sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ:
ó fò, ó tàn ká inú oòrùn bí ọyẹ́.
"Bó bá dì mọ́ni lọ́wọ́, wọn kò fún un dáadáa,
ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.
Ẹ ní kí Mobọ́láńlé bi àwọn tó ti débẹ̀:
èwo ló ń fò bí a bá fẹ́ ẹ?"

Èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Jàpáànì ni.
Ti Kánádà, omi díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ti Jàpáànì, èèyàn lè rì sínú rẹ̀ dé ìbàdí
kó gbọn aṣọ, kó máa lọ.
"Mo ti wí," ni ìyàwó mi wí, ó ń nu èéfín kúrò lójú.
"Ẹ lọ. Ẹ bá mi kí i."

Ẹ bá mi kí i.
N kò tíì rò ó rárá
pé owó ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń kà látàárọ̀.

Lóru mo jí, ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì ti tutù.
Mo bá a ní pálọ̀, níwájú dígí,
nínú kóòtù yàrá yìnyín,
ọwọ́ méjèèjì nínú àpò.
Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fara síwájú,
ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí táìlì bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀.
Òórùn ṣáwá gba gbogbo pálọ̀.

Mo yọ́ padà sí yàrá, mo gbé fóònù.
Owó Jàpáànì fún ẹnì kan. Owó Kánádà fún ẹni méjì,
òjò-dídì tí wọn kò fún dáadáa,
tíì tiwa nínú àpò láti ilé,
fìlà abetí-ajá, kí n fa etí rẹ̀ wálẹ̀.
Mo ṣì ń ro ó pọ̀ lọ́wọ́
nígbà tí mo gbọ́ tó tún wọ́ ẹsẹ̀ kan.