Ìdènà Méjì

Ẹ̀yìn Àkàbà Ìdènà, ní Kétu, ni ìsọ̀ mi wà:
òrùlé páànù, tábìlì kan,
irin tí a fi ń yọ́ òjé, tí kì í tètè gbóná.
Bàbá mi ló kọ́ mi ní wáyà wíwé.
Mótò ọlọ àgbàdo, mótò ẹ̀rọ omi,
èyí tó bá ti jóná nílùú yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn sí.
Mo mọ òórùn wáyà tó jóná
ju òórùn ọbẹ̀ ìyá mi lọ.

Ọdúnlámì dé lọ́jọ́ ọjà, ó gbé àpò ìrẹsì lọ́wọ́,
mótò fèrèsé Pijó àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀.
"Èyí ni yóò máa tẹ ìyẹ́ bàálù mi wálẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Káfíńtà ni. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kàn án
lábẹ́ igi máńgòrò, ní ọ̀nà Ìlárá:
páìpù kẹ̀kẹ́, pákó, aṣọ tí a fi ọ̀dà kùn,
ìjókòó kan ṣoṣo.

Ó ní: "Bí ìyẹ́ bá dé òpin ibi tó ń lọ, mótò kò mọ̀.
Á máa tì, á máa tì,
bí àgbò tó kọjú sí ògiri,
títí èéfín á fi sọ fún un.
Ṣe ìdènà fún mi."

Mo jókòó ti ìwé àti pẹ́ńsù.
Mótò tó ń rìn geere, áńpíà mẹ́rin ló ń mu;
èyí tó há, ó ń mu ogún.
Mo fi wáyà tínrín kan sójú ọ̀nà
kó máa ka ohun tó ń kọjá,
mo fi tiransísítọ̀ ṣe ilẹ̀kùn:
bó bá ti ju mẹ́jọ lọ, pa dé.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ilẹ̀kùn pa dé kí mótò tó mira.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bú u kí n tó ronú kàn án:
gbogbo mótò, bó bá ń dìde,
a máa mu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀.
Ẹni tó sáré dé ẹnubodè á mí gúlegúle,
ìyẹn ò sọ ọ́ di olè.
Mo fi kàpásítọ̀ kún un, kékeré bí ẹyọ erèé,
mo ní kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì
kó tó pariwo.

Inú mi dùn. Mo ṣe irú rẹ̀ kejì,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pọ́ńpù tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì.
Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Okùn so ìrù bàálù mọ́ igi,
ẹ́ńjìnnì ń ké, koríko ń sùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Ìdọ̀tí bíńtín nínú epo kpayo há pọ́ńpù lọ́rùn,
ìdènà mi rí áńpíà mẹ́sàn-án,
ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì bí mo ti kọ́ ọ,
ó pa ilẹ̀kùn dé.
Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ẹyẹ ẹ̀gà.
Ọdúnlámì kò bọ́ sílẹ̀.
Ó na ìka sí góńgó ìrókò tó wà lọ́hùn-ún:
"Ká ní ibẹ̀ yẹn ni mo wà ńkọ́?"

Ní ìlú tiwa, a mọ ìtàn ilẹ̀kùn.
Ìyá ìyá mi máa ń sọ ti ọjọ́ ogun kan,
bí ẹni tó tètè tì í ṣe gba ilé là.
Kì í dárúkọ àwọn tó wà lóko.

Mo tú ìdènà kejì palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Gílóòbù pupa kan ló kù níbẹ̀, níwájú awakọ̀:
wàhálà ń bẹ, wá ilẹ̀ wá.
Kò ní ọwọ́ tí yóò fi ti ohunkóhun.
Kí pọ́ńpù jóná bó bá fẹ́,
kó ṣáà máa fa epo bó ti ń jóná lọ.
Mo mọ bí a ti ń wé wáyà.
N ò mọ bí a ti ń wé Ọdúnlámì.

Ó ṣì jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún séfà.
N ò tíì béèrè. Kó kọ́kọ́ fò lọ, kó bọ̀.